Ìpele Inú Ìgò

Tíntín ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kéré.

Ní ọjọ́ Ajé, ilé ìwé gba ìsinmi. Tíntín fẹ́ bá Bàbá lọ síbi iṣẹ́. Kànga ni Bàbá ń gbẹ́, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tuntun kan lọ́jọ́ náà.

Ẹsẹ̀ ń dun Màmá Àgbà, ìyá Bàbá, kò lè jáde.

"Inú ilẹ̀ ni ọmọ mi ń wọ̀ lójoojúmọ́," ó ní. "Mi ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àyà mi ń já."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Tíntín dáhùn. "Màá gbé ilẹ̀ náà wálé fún yín!"

"Gbogbo ilẹ̀? Ọkọ mi, ọrùn á wọ̀ ẹ́ o!"

Tíntín mú ìgò kan tó fẹ̀ lẹ́nu, tó sì ní ìdérí. Ó jókòó jìnnà sí ẹnu kànga. Àbúrò Bàbá ń fi okùn fa garawa yẹ̀pẹ̀ jáde.

Kírí, kírí, kírí. Wàà! Yẹ̀pẹ̀ dúdú.

Tíntín bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Kírí, kírí, kírí. Wàà! Yẹ̀pẹ̀ pupa.

"Ìpele tuntun rèé o!" Bàbá kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Kí ló ń jẹ́ ìpele?" Tíntín bi àbúrò Bàbá.

"Ilẹ̀ kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kọ́kọ́ tẹ́, òmíràn wá tẹ́ lé e lórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ìpele."

Ní Ọjọ́rú, kírí, kírí, wàà! Yanrìn funfun.

Ní Ọjọ́bọ̀, kírí, kírí, pọ̀tọ̀! Amọ̀ tútù.

Ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Tíntín gbé e mọ́yà, ó gbọ̀nà ilé.

"Màmá Àgbà, ilẹ̀ dé o!"

Màmá Àgbà fi ìka kan ìdí ìgò, níbi tí yẹ̀pẹ̀ dúdú wà.

"Ṣé ìsàlẹ̀ níbí ni ọmọ mi wà?"

"Rárá o! Òkè nìyẹn!"

Tíntín wo ìgò. Yéè! Ilẹ̀ ti dorí kodò! Omijé lé ròrò sí i lójú.

Màmá Àgbà fà á mọ́ra. "Ó tó, ọkọ mi. Òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga. Ìsàlẹ̀ ni ìgò ti ń kún. Ẹ̀bi ẹ kọ́."

Tíntín fa imú. Ó ronú. Ó tún ronú.

Ó ki àkísà sẹ́nu ìgò, ó fún pinpin. Ó dé e. Ó wá dorí ìgò náà kodò, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Ìgò jókòó lórí ìdérí rẹ̀. Kò sí ìpele tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn.

"Ibí ni Bàbá wà," Tíntín ní. "Nínú amọ̀."

Màmá Àgbà fi ìka lé amọ̀. Ìka náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń dárúkọ ìpele kọ̀ọ̀kan:

"Amọ̀. Yanrìn. Yẹ̀pẹ̀ pupa. Yẹ̀pẹ̀ dúdú."

"Bàbá ti jáde!" Tíntín pariwo.

"Ẹ kú ilé o!"

Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, amọ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, àyà Màmá Àgbà kò já rárá.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní. "A ti ń bá ẹ bọ̀ láti ìsàlẹ̀."