Àmín Láti Òdìkejì Odò Ìjù

Orí mi pé, mi ò sì fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi kò tíì kú tán ní Ọ̀tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fẹ́ sọ ọ́.

Fàtímọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Rùfáì sì ni ọkọ rẹ̀. Lọ́dún tí òyìnbó ń wọn odò Ìjù, kí wọ́n tó máa fa omi rẹ̀ lọ sí Èkó, Rùfáì wà lára àwọn tó ń bá wọn gé igbó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó lọ́ra jù. Bí wọ́n bá ń ṣàdúà ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo jàmáà á ti ṣe àmín tán, tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀, gígùn, tòun ti ohùn imú.

"Àmín Rùfáì ti wọlé," ni Fàtímọ̀ máa ń wí, a ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá ìyá wa máa ń sọ pé nígbà ogun, tí Ọ̀tà fọ́, àwọn kan sá la odò yẹn kọjá, àwọn ará ilé wọn sì ń retí wọn títí. A kà á sí ìtàn àgbà.

Lọ́jọ́ kan, Rùfáì wọ ọkọ̀ kékeré, ó forí lé òdìkejì. Ọkọ̀ náà nìkan ló padà wá. Àjẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbẹ. A wá Rùfáì, a ò rí i. A ò rí òkú rẹ̀ náà.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ọkọ ńkọ́? Àfáà Láwàlì ní òfin ni kí aya ẹni tó sọnù dúró fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń fọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, kí ó má baà wá èyí tí yóò wọ̀ lọ sí Jímọ̀ tì bó bá dé. Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ dé góńgó.

Nígbà tí ọdún mẹ́rin náà pé, àwọn àgbà ní kí a kírun sí Rùfáì lára, kí Fàtímọ̀ lè ṣe opó rẹ̀ tán, kí Mùkáílà, àbúrò ọkọ, sì ṣú u. Kò sí sàréè, nítorí náà etí odò la lọ lẹ́yìn ìrun Àyìlá. Oòrùn mú ganrínganrín. Ẹyẹ kan ò ké. Àfáà kírun tán, ó tẹ́wọ́ àdúà.

"Kí Ọlọ́run fi Àlùjánà kẹ́ ẹ."

"Àmín," ni gbogbo wa wí.

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

"Àààmíín."

Òdìkejì odò ló ti wá. Gígùn, tòun ti ohùn imú. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Fàtímọ̀ di ọwọ́ mi mú.

"Mùíbátù, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Mùkáílà àti ọkùnrin méjì tukọ̀ kọjá. Wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi padà dé.

"Koríko ibẹ̀ ò tẹ̀," ni Mùkáílà wí. Kò wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.

"Àfáà, ẹ dákun," ni Fàtímọ̀ wí, "ṣé opó ni mí ni, àbí aya?"

Àfáà wo òdìkejì odò. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ nínú ìwé.

"Ẹ bá mi ṣe àdúà mìíràn, nígbà náà. Kí Ọlọ́run dá a padà fún mi."

Àfáà tún tẹ́wọ́. "Kí Ọlọ́run dá Rùfáì padà fún aya rẹ̀."

"Àmín," la wí.

À ń retí. Mò ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń mí. Mò ń gbọ́ omi lábẹ́ gbòǹgbò igi. A dúró síbẹ̀ títí àkókò Àlàásárì fi tó. Kò sí ohùn kankan.

"Ó gbọ́ ti àkọ́kọ́," ni Fàtímọ̀ wí. "Ó kúkú gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Kò ṣe opó, kò sì fẹ́ Mùkáílà. Lọ́jọ́ tí òun náà kú, tí Àfáà tẹ́wọ́ àdúà lé e lórí, mo fi ìka di etí mi méjèèjì.