Òṣùpá Tó Yọjú Lọ́sàn-án

Inú omi tó mù wọ́n dé ìbàdí ni Losa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti kọ́kọ́ pàdé Tanielu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ibòmíràn ni, irọ́ ló pa. Èmi ni mo di fìtílà mú láàárín wọn.

Àárọ̀ palolo ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ekòló òkun tí a máa ń jẹ yìí ń jáde, nígbà tí òṣùpá àrànmọ́jú bá ti dín ku ààbọ̀. Gbogbo ará etí òkun Savai'i, erékùṣù wa, á dà sínú omi ní ìdájí, àwọ̀n lọ́wọ́, òdòdó lọ́rùn. Lójijì ni omi yí padà. Ó di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ilẹ̀, ó ń rá pálá bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ ti jí. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, síbẹ̀ ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

"Sún sẹ́yìn jàre, o ti fi àwọ̀n rẹ bo tèmi," ni Losa wí.

"Má bínú, n ò wo àwọ̀n. Ìwọ ni mò ń wò."

Mo wúkọ́. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn yọ lẹ́yìn igi àgbọn, Losa wòkè, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Òṣùpá ààbọ̀ ṣì wà lókè, funfun bí èérún àgbọn.

"Kí lèyí ṣì ń wá? Àbí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

"Ta ló sọ pé òru ló ni òṣùpá?" Tanielu, ọmọ apẹja abúlé kejì, gbé àgbọn kan sókè, oòrùn sì tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tó bá jẹ́ àrànmọ́jú, oòrùn á wọ̀ kó tó yọ, oòrùn á yọ, òun á wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ yọ sí i, títí tí ilẹ̀ á fi mọ́ bá a lójú ọ̀run. Oòrùn ló ń tàn sí i lára bí àgbọn yìí, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì tó kí ojú rí i lọ́sàn-án. Àwa ni a kì í wòkè."

Àgbọn yẹn ni Losa ń wò, lẹ́yìn náà òṣùpá, lẹ́yìn náà ojú ẹni tó mú àgbọn dání. Ìfẹ́ ti wọlé.

Níbí, ẹyinjú arákùnrin ni arábìnrin rẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin kan ti yọ́ wọlé lóru tọ ọmọbìnrin aládùúgbò wa lọ rí, ó fún un lóyún, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Alapati, ẹ̀gbọ́n Losa, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dá Tanielu dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Òṣùpá ni gbogbo ẹ̀yin ọmọkùnrin. Òru nìkan lẹ mọ̀ ọ́n rìn. Tí palolo tó ń bọ̀ bá ti kọjá, Losa ń lọ bá àbúrò bàbá wa ní Niu Silandi."

"Bọ̀dá, òṣùpá máa ń yọ lọ́sàn-án o."

"Jẹ́ kí n rí i."

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ ìyàwó lójú ọ̀sán, ẹbí rẹ̀ ló ń gbé ẹní àtàtà wá. Bàbá Tanielu sì ti fárígá: ọmọ pásítọ̀ lòun fẹ́ kó fẹ́, kò sí òmíràn. Odindi ọdún ni Tanielu àti ìyá rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́.

"Kó kúkú jí ẹ gbé sá lọ lálẹ́," mo sọ fún Losa.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo sọ fún un, Àǹtí. Ó ní òun ò ní jí ohun tí òun lè tọrọ. Olólùfẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n orí kunkun rẹ̀ fẹ́ pa mí."

Palolo tún dé. Tanielu kò sí nínú omi. Nígbà tó fi máa di ìyálẹ̀ta, àpótí Losa ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí èbúté. A bu palolo lé kókò táró fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ẹ rí òṣùpá yín?" Alapati bi wá.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọdé pariwo lójú ọ̀nà. Obìnrin kan ń bọ̀ láàárín abúlé, ó tẹ́ ẹní lé apá méjèèjì, ẹní náà ń dán bí aṣọ àrán. Tanielu ló tẹ̀ lé e, ó ru ẹlẹ́dẹ̀ sísun. Gbogbo ilé ló yọjú.

"Èmi ni mo hun ẹní yìí," ni ìyá Tanielu wí. "Tèmi ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Mo fi ń tọrọ Losa. N ò dáná fún bàbá rẹ̀ mọ́; tí ebi bá pa á tó, á gbà."

Tanielu jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná níwájú ilé, ó tẹríba. Kò wá ibòji.

Alapati wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn. Òṣùpá ààbọ̀ wà lórí òkun níbẹ̀, ó rọra funfun nínú ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Gbogbo wa wòkè.

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?" ni Alapati bi í.

"Láti òru, bọ̀dá. Kò lọ."

Alapati nu ojú. "Wọlé. Oòrùn ń pa ọ́."

Ó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ síbi bọ́ọ̀sì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí Losa padà wálé.