Ìyá Mweemba Kò Tíì Sọ̀rọ̀ Tán

"Ìwọ àti wáyà yìí, ṣé ẹ ò ní fẹ́ ara yín báyìí?"

Luyando ló fara ti ẹnu ọ̀nà tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Choolwe wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn pátákó gíga kan nínú gbọ̀ngàn ilé ìrántí, ó ń fi ẹnu ọ̀bẹ bó wáyà lára. Luyando ní àwọn ọmọ kíláàsì wọn ti kóra jọ sí etí adágún, wọ́n ti gbé epo kaná, wọ́n sì ń dín kapenta, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún náà, lọ́wọ́. Ó ní bí Choolwe bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, òórùn ẹja lásán ló máa bá níbẹ̀.

Kò sí ẹlòmíì nínú ọmọ ilé ìwé wọn tí wọ́n lè gbé irú iṣẹ́ wáyà yẹn fún. Àǹtí Namoonga, àbúrò ìyá Choolwe tó ń tọ́ ọ, ló ń bójú tó ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ iná nílé ìrántí náà, Choolwe sì ti ń wò ó lọ́wọ́ láti kékeré. Wọ́n ti ya fídíò àgbà mẹ́ta. Bàbá apẹja kan ń sọ bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n, ìyá arúgbó kan ń sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò tábà alákèrègbè tí àwọn obìnrin ń fà, ẹni tó kù sì ni Ìyá Mweemba, ìyá àgbà Choolwe gan-an, tó ń sọ bí wọ́n ṣe kó wọn kúrò létí odò Zambezi kí omi odò tí wọ́n sé tó bo ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹnì kan nínú wọn, kó tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀.

Ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n rà kò ní ju etí kan lọ, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló lè gbọ́. Àpótí kékeré kan ni wọ́n fi ń fi kún etí rẹ̀. Wáyà àwọn bọ́tìnnì á wọ àpótí náà lápá òsì, àpótí á sì jíṣẹ́ fún ẹ̀rọ pé báyìí ni, ẹni báyìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Lápá ọ̀tún, wáyà á tún jáde lọ sídìí gílóòbù kékeré tó wà nínú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kí iná lè tàn níbi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí aráyé sì mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn dúró.

Choolwe ti parí apá òsì. Apá ọ̀tún ló kù, wáyà ibẹ̀ sì tín-ín-rín, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan ṣì wà tí wọ́n ní kó dáhùn: bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì mìíràn nígbà tí fídíò kan ń lọ lọ́wọ́, ṣé kí ẹ̀rọ gé e ni, tàbí kó jẹ́ kó parí? Àwọn tó ṣe àpótí náà ti fi àmì sí "gé e" láti ilé iṣẹ́ wọn. Choolwe ka ìbéèrè náà dé ìdajì, ó pa á dé.

"Iná wo lo tún ń dúró tì?" Luyando bi í. "Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́, kì í ṣe gílóòbù ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

Kí Àǹtí Namoonga tó lọ yá àga wá fún ọjọ́ ìṣílé, tí wọ́n máa ṣí gbọ̀ngàn náà fún aráyé, ó ti kìlọ̀ pé bí Choolwe bá parí, kó pe àwọn ọmọ kéékèèké wọlé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì bó ṣe wù wọ́n, nítorí ọmọdé ló mọ bí wọ́n ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Choolwe fi wáyà apá ọ̀tún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó tẹ bọ́tìnnì kìíní, ojú ìyá àgbà rẹ̀ yọ. Ó tẹ èkejì, bàbá apẹja yọ lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ ẹ̀kẹta, ìyá oníkòkò tábà ti dé. Inú rẹ̀ dùn sí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yára dáhùn. Ó fi fóònù ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ pé òun ti dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì bá Luyando lọ jẹ kapenta. Ká sòótọ́, kapenta ọjọ́ náà dùn.

Lọ́jọ́ ìṣílé, èèyàn kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló ń wojú Bàbá Mweemba, bàbá àgbà Choolwe. Láti ìgbà òjò tó kọjá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ títí kó wo fídíò náà lórí fóònù, ó kọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fi ìyàwó òun sínú àpò ṣòkòtò, pé níbi tí èèyàn pé sí ni Ìyá Mweemba ti máa ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni òun ti máa gbọ́ ọ. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù lọ. Siachitema, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó tì í. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìdílé àwọn méjèèjì ti máa ń fi èébú ṣeré, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú.

"Ẹ wò ó bó ṣe múra," Siachitema ń sọ fún gbogbo ilé. "Obìnrin yẹn rí i pé òun ò lè fara dà á mọ́, ló ṣe sá wọnú ẹ̀rọ. Ọkùnrin yìí tún tọ̀ ọ́ wá síbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Mweemba náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ìyá Mweemba yọ lójú ògiri pẹ̀lú gèlè búlúù rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa abúlé wọn àtijọ́, ó dárúkọ àwọn odò kéékèèké tó wà lábẹ́ omi báyìí. Ó sọ bí òun ṣe gbé adìẹ kan mọ́ra nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó wọn lọ. Bàbá Mweemba kò jókòó, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ọmọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ náà," ni Ìyá Mweemba wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, "ọmọ náà..."

Bàbá apẹja yọ lójijì. Ó ní àwọ̀n tó dára, ojú rẹ̀ kì í fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ọmọdé kan tí kò tíì tó ilé ìwé í lọ ló tẹ bọ́tìnnì kejì. Kí wọ́n tó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, òmíràn ti tẹ ẹ̀kẹta, bàbá apẹja náà ò sọ̀rọ̀ tán. Ojú àwọn àgbà ń ṣí, ó ń pa dé, ẹnì kankan nínú wọn kò rí gbólóhùn kan parí. Bàbá Mweemba mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. Choolwe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ohun tí Bàbá Mweemba gbà gbọ́ ni pé Namoonga, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló gé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn kan ti sọ nípàdé pé ọ̀rọ̀ Ìyá Mweemba gùn jù, kí wọ́n dín in kù. Namoonga ló kọ̀ jálẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kò gbọ́ èyí. "Láyé rẹ̀, ta ló tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu?" ló bi Siachitema. "Ó wá kú tán, ọmọ rẹ̀ gé e." Bí Namoonga bá gbé nshima, òkèlè àgbàdo wọn, lọ fún un nírọ̀lẹ́, wọ́n á dá abọ́ náà padà pẹ̀lú ọmọrí lórí. Bó bá ń ṣàlàyé pé fídíò náà pé, bàbá á kọjú sí adágún.

Namoonga pe Choolwe. "Ṣé o dán an wò bí mo ṣe ní kóo ṣe? Ṣé o pe àwọn ọmọ kékeré?"

Ẹ̀rù ba Choolwe. Luyando ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: kó ní iná ló ń ṣe ségesège, nítorí kò sẹ́ni tó máa pe iná lẹ́jọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí," ó ní. "Bóyá iná ló ṣe é."

Àǹtí rẹ̀ gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì wá le jù fún Choolwe. Bí wọ́n bá nà án, ì bá sàn. Ìrọ̀lẹ́ kan, ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó rí Àǹtí Namoonga tó jókòó sórí òkúta, tó ń bu nshima tí bàbá dá padà fún àwọn adìẹ. Kò pariwo, omi ṣáà ń dà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bu oúnjẹ. Àánú rẹ̀ ṣe Choolwe gidigidi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n Choolwe rí i pé kí ọjọ́ náà tó dé, àǹtí òun lá máa jẹ ìyà òun.

Ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ lábẹ́ igi tó máa ń jókòó sí. Ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

"Bàbá, kì í ṣe Àǹtí ló gé Ìyá. Èmi ni."

Ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́: apá ọ̀tún tí kò parí, ìbéèrè tó pa dé, kapenta etí adágún, irọ́ tó pa nípa iná. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni òun kò sọ fún pé kó dúró. Bàbá Mweemba bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni Namoonga ti gbé oúnjẹ wá fún mi?"

"Ojoojúmọ́ ni, Bàbá."

"Tí èmi náà sì ń dá a padà lójoojúmọ́." Ó na ọwọ́ sí i. "Fà mí dìde."

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Namoonga ń fọ abọ́. Bàbá Mweemba dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.

"Namoonga," ó ní, "ebi ń pa mí."

Namoonga wò ó, ó wo Choolwe, ó sì gbé ìkòkò kaná láìbéèrè ohunkóhun. Ìgbà tí bàbá jẹun tán ni Choolwe tó jẹ́wọ́ fún Namoonga náà. Àǹtí rẹ̀ kò nà án, ó kàn ní kó kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìrántí sílẹ̀, pé láti ọjọ́ náà lọ, òun fúnra òun lá máa ṣí ilẹ̀kùn fún un títí òun á fi tún lè gbà á gbọ́. Ó dun Choolwe dé egungun, nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ó fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́.

Ó tún iṣẹ́ náà ṣe lábẹ́ ojú àǹtí rẹ̀. Ó so wáyà gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dáhùn ìbéèrè ojú kọ̀ǹpútà fún bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé kí ẹ̀rọ má ṣe gé ẹnikẹ́ni, kó jẹ́ kó parí. Lẹ́yìn náà wọ́n pe àwọn ọmọ adúgbò wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan fi orí kàn án. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ wọn lọ, wọn ò dá àwọn ọmọ náà lóhùn.

Ni wọ́n bá tún ránṣẹ́ pe èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan, Choolwe dúró níwájú wọn, ó sọ pé àìparí iṣẹ́ òun ló dójú ti àwọn àgbà lọ́jọ́sí. Siachitema ní òun ti mọ̀, pé ìran wọn kò ní sùúrù, ẹ wo bàbá àgbà rẹ̀. Bàbá Mweemba sì tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí Ìyá Mweemba dúró díẹ̀ láti mí, ọmọ tó tẹ bọ́tìnnì kejì lọ́jọ́ ìṣílé ti tún dé ìdí rẹ̀. Ó rí i pé bọ́tìnnì tirẹ̀ ṣókùnkùn, ti Ìyá Mweemba ló ń tàn. Ó yíjú sí Choolwe. "Ṣé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán?"

"Rárá, Ìyá kò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Ọmọ náà ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró.

"Ọmọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ náà," ni Ìyá Mweemba wí, "ọmọ náà kọ̀, kò jókòó. Gbogbo èèyàn ń sunkún, òun dúró, ó kọjú sẹ́yìn, ó ń dágbére fún àwọn igi. Mo ní kó jókòó kó má bàa ṣubú, kò gbọ́. Mo bá fà á ní ṣòkòtò títí ó fi jókòó tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì fi ṣòkòtò náà sílẹ̀. Bí mo bá lọ ṣáájú rẹ̀, kí ẹnì kan bá mi sọ fún un pé kó jókòó, kó sì jẹun."

Iná bọ́tìnnì náà kú. Siachitema nu ojú rẹ̀, ó sì fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣòkòtò.

"O gbọ́ ohun tí wọ́n wí," ó ní. "Jókòó."

Bàbá Mweemba jókòó. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbà á lẹ́nu, ó sì di ọwọ́ Namoonga mú.

Ohun tí Choolwe kọ́ lọ́jọ́ náà, ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí a kò tíì dán wò bí aráyé yóò ṣe lò ó, a kò tíì ṣe é tán, bó ti wù kó dára tó lójú tiwa. Bí a bá sì ṣe àṣìṣe, ká yára jẹ́wọ́, nítorí irọ́ tí a fi bo ara wa, ẹni tó fẹ́ràn wa jù lọ ni òtútù rẹ̀ máa ń mú.