Ọ̀rọ̀ Tí Fúnmiọlá Fẹ́ Lọ Sọ ní Akúrẹ́

"Tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," Sylvanus wí.

Fúnmiọlá tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúró díẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ kan náà jáde: kò sí ohun tó yí padà, kò sí iṣẹ́ láti ṣe.

"Irọ́ ni!" Fúnmiọlá fọwọ́ lu tábìlì. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà ni. Ṣé kì í ṣe ojú ẹ ni mo ṣe é?"

"Ojú mi ni. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé," Sylvanus dáhùn, ó ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ọdún 1997 ni. Fúnmiọlá, ọmọ Imeri, wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀wọ̀, níbi tí òun àti Sylvanus ti jọ ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá, ti yàn án pé kó lọ sọ̀rọ̀ níbi àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Akúrẹ́. Ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni irinṣẹ́ kan tí ń to ètò kọ̀ǹpútà pọ̀. Bí ètò kan bá ní apá púpọ̀, tí èèyàn sì tún ẹyọ kan ṣe nínú wọn, irinṣẹ́ yìí á mọ apá tó yí padà, á tún ìyẹn nìkan tò, kò ní fọwọ́ kan ìyókù.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì, ọ̀gá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Akúrẹ́, máa wà níbẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pé nínú àwọn tó bá sọ̀rọ̀ lòun ti máa mú ẹnì kan tí yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun fún ọdún kan. Fúnmiọlá ti kọ̀wé sí ibi púpọ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bí kò bá rí ààyè yìí, á kàn padà sí Imeri lọ jókòó ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, ó ṣiṣẹ́ bí idán. Láti ìgbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń kọ̀ lọ́la. Ọkàn Fúnmiọlá kò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á rìn dé ojú fèrèsé, á tún padà. Ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ fi han Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá.

"Gbọ́ mi," Sylvanus wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lè kọ ètò kékeré kan fún ẹ. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun ti rí apá tó yí padà, òun ń tún un tò, òun ti parí. Kò ní ṣe nǹkan kan o, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀tàn nìyẹn, Sylvanus."

"Ẹ̀tàn kẹ̀? Àwọn àgbà ló ní ọgbọ́n ju agbára. Àbí kó o dé iwájú gbogbo ayé kí ẹ̀rọ máa sọ pé kò sí iṣẹ́? Màmá Ìjọ, ìwà mímọ́ rẹ ti ń pọ̀ jù!"

Fúnmiọlá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ ẹ́ níwájú olùkọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Sylvanus kọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Fúnmiọlá, o káre! Orí mi wú!" Ó sáré lọ pe àwọn olùkọ́ yòókù wá wò ó. Fúnmiọlá tún un tẹ̀ fún wọn. Ìyìn wọn ń gún un lára bí ẹ̀gún.

Àǹtí Monica, àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni Fúnmiọlá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà, tí wọ́n ń mu gàrí, Àǹtí ní, "Ṣàlàyé ohun tó o fẹ́ lọ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo ń gbàdúrà sí."

"Àǹtí, ẹ wo gàrí yìí. A hú ẹ̀gẹ́, a bó o, a rin ín, a fún omi rẹ̀ dànù, a jọ̀ ọ́, ká tó yan án. Bó bá wá ku díẹ̀ kó yan, ṣé a máa padà lọ hú ẹ̀gẹ́ míì lóko?"

"Ká má rí i! A óò dá a padà sórí iná ni."

"Bí irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ibi tó bá kù sí nìkan ló ń tún ṣe."

"Ó yé mi yékéyéké. Ó sì ṣiṣẹ́ lánàá?"

Fúnmiọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí ro gàrí rẹ̀. "Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mà."

Àǹtí gbójú sókè. "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́." Ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, egbò tí wọ́n bá fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì kì í jinná."

Fúnmiọlá rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ó yí padà. Ó tún yí padà. Nígbà tó yá, ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá, ó jẹ́wọ́. Kò dárúkọ Sylvanus.

Olùkọ́ náà ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn tí mo pè wá wò ó ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn, sà."

"Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà wá ná. N kò lè fi sí ọwọ́ rẹ mọ́. Irọ́ lè tanná, Fúnmiọlá, kò lè so."

Ó fi omijé fa kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó lọ bá àwọn olùkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, òmíràn pòṣé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó padà dé, Sylvanus ló bá níwájú olùkọ́, ó dorí kodò.

"Sà, èmi ni mo kọ ètò yẹn."

"Ó dáa," Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo òótọ́ ọ̀rọ̀ wàyí."

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ mọ́, Fúnmiọlá lè tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní kó to àwọn iṣẹ́ òun sílẹ̀, pẹ̀lú déètì tí òun kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó, ó tún un wò, ó sì kígbe.

"Sà! Ó ní ọdún 1980 ni mo kọ èyí tí mo kọ lánàá! Ní 1980, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ṣì wà ní Imeri!"

"O ti gbọ́n láti kékeré nìyẹn," Sylvanus wí. Olùkọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Bátìrì tí ń gbé aago inú kọ̀ǹpútà náà ró ti kú. Bí iná bá ti lọ, aago náà á padà sí ọdún 1980. Irinṣẹ́ náà kò sì ní ọ̀nà míràn láti mọ ohun tó yí padà ju kó fi déètì wo èyí tó dé kẹ́yìn. Iṣẹ́ òní wá ń jọ iṣẹ́ àtijọ́ lójú rẹ̀. Iná kò sì dúró lọ́sẹ̀ náà rárá.

Ní Akúrẹ́, Fúnmiọlá kọ́kọ́ sọ ẹ̀tàn tó ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dá aago padà sẹ́yìn lójú wọn, irinṣẹ́ kọ̀. Ó tún aago ṣe, ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyì dìde. "Bí o bá dákẹ́, a kì bá tí mọ̀. Kí ló dé tí o fi sọ ọ́?"

"Sà, àwọn tó wà níbí á padà lọ gbìyànjú rẹ̀. Iná á lọ. Bátìrì tiwọn náà lè ti kú. Irinṣẹ́ á kọ̀, wọ́n á sì rò pé àwọn ni òpè, bí mo ṣe rò pé èmi ni."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. "Tiwa náà ń kọ̀." Òmíràn nawọ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi kún gbọ̀ngàn. Olùkọ́ àgbà kan tó hewú nawọ́ tirẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn àpérò, Ọ̀gbẹ́ni Láníyì wá bá a. "Àwọn tó mọ̀ ọ́n fi hàn pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó máa sọ fún mi pé nǹkan bàjẹ́, kí oníbàárà tó rí i, ni mi ò ní. Bí ẹ bá ti gba ìsinmi, máa bọ̀."

Kí mọ́tò tó kúrò ní Akúrẹ́, Fúnmiọlá ti sùn lọ fọnfọn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, irọ́ a máa ṣèlérí ìsinmi, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó pa á jókòó. Bí iṣẹ́ yín kò bá tíì yọrí, ẹ sọ pé kò tíì yọrí. Ìtìjú òtítọ́ kì í pẹ́ kó tó lọ. Ohun tí ẹ bá sì bò mọ́lẹ̀, ẹ kò ní rí i tún ṣe. Kí Ọlọ́run fún yín ní ìgboyà láti sọ ọ́.