Ìṣísẹ̀ Mọ́kànlá Láti Ìdí Èèkàn

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹnu tó là sílẹ̀ kò lóǹkà. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, kí ọ̀kan nínú àwọn ẹnu náà gbé èmi náà mì. Ó ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé mọ́tò inú géèmù ń fẹ̀yìn rìn.

Inú ilé Lorne Tregilgas la wà, ní Andamooka, ìlú àwọn awakùsà, ilé tí òun àti Nev àbúrò rẹ̀ gbẹ́ wọnú òkè. Ìta a máa gbóná débi pé irin ilẹ̀kùn lè bó èèyàn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé inú ilẹ̀. Lọ́sàn-án, kò sí ohun tí awakùsà lè ṣe ju kó jókòó sínú òkúta kó máa mu tíì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí a máa gbá géèmù. Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù wọn jóná, Nev ò ju páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ nù. Ó ki wáyà rẹ̀ bọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ó sì tò ó títí kọ̀ǹpútà fi gbà á, bí ìgbà tí obìnrin bá gba ọmọ orogún sọ́dọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Nev mu tíì tán, ó jáde, kò padà. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ibi ìwakùsà. Ọlọ́pàá fi ọjọ́ mẹ́jọ tan iná sínú kòtò lẹ́yìn kòtò, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Oṣù mọ́kànlá nìyẹn nígbà tí Lorne ránṣẹ́ pè mí. Eruku ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ní kó máa lọ sí Adelaide, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, mọ́tò kan ló sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kí èmi Clarrie, tí kì í pẹ́ níbì kan, wá bá òun di ẹrù.

Páàdì wà lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mọ́tò ń fẹ̀yìn rìn.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni."

"Ó ti gbó nìyẹn. Eruku ti wọ̀ ọ́. Bí orúnkún mi ló rí: mo ní kó lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa géèmù náà, ó ṣí ibi kékeré tí kọ̀ǹpútà ti ń dán páàdì wò. Àpótí kan ni, igun mẹ́rin, pẹ̀lú àgbélébùú tíńtín nínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ti igi àtàǹpàkò orí páàdì, àárín ló yẹ kí àgbélébùú náà wà. Ìsàlẹ̀, lápá òsì, lèyí wà. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn.

"Kí lo rí?"

"Àgbélébùú nínú àpótí."

"Wò ó dáadáa, ìwọ àgbàyà yìí. Kí làwa náà ń rì mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rin?"

Èèkàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ wa òpálì, òkúta iyebíye ibẹ̀, á ri èèkàn mẹ́rin, àádọ́ta mítà sí àádọ́ta mítà, ohun tó bá wà láàárín wọn á sì di tirẹ̀.

"Ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ nìyẹn," Lorne sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kí ògiri gbọ́. "Nev ń fi ibi tó wà hàn mí. Tí àmì yìí bá ṣì wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, a ó lọ gbé e."

"Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Màá wọ mọ́tò wọn lọ́jọ́ Ẹtì, màá sì panu mọ́."

Mo gbọ́ ìyẹn, mo sì dì í mú. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti rí ọkùnrin tó pọ̀ tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kò sí èyí tó parí sí rere nínú wọn. Lorne kì í jẹun mọ́. Láti òwúrọ̀ ló ti ń jókòó ti àpótí yẹn, bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Mo lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Zdenka, opó awakùsà tó ń ta ọjà.

"Clarrie! O ò tíì kú?"

"Ikú ní òun ò tíì ráyè mi."

Mo bi í nípa páàdì tó ń dá rìn. Ó rẹ́rìn-ín títí àyà rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ̀yin arúgbó tẹ́ ẹ ń ṣeré ọmọdé! Ọkọ mi náà ní irú ẹ̀ kó tó kú, kó sinmi re. Kò le. Ní kí kọ̀ǹpútà tún un tò. Á ní kó o yí igi yẹn kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà á ní kó o fi í sílẹ̀. Kó o fi í sílẹ̀ o! Tí àtàǹpàkò ẹ bá ṣì wà lórí ẹ̀, irọ́ lo fi kọ́ ọ yẹn, ibi tí kì í ṣe àárín lá máa pè ní àárín."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Lorne lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Mo yí igi náà kan igun kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó sì ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni mò ń yí ká. Kọ̀ǹpútà ní kí n fi í sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni páàdì náà gbọ̀n lọ́wọ́ mi, lẹ́ẹ̀mejì, bí ọwọ́ tó fún ọwọ́. Géèmù kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ bọ́tìnnì kí ó lè tètè parí. Àtàǹpàkò mi ṣì wà lórí igi náà.

Àgbélébùú lọ sí àárín. Ó dúró.

Nígbà tí Lorne dé, ó rí i, ó rọra jókòó. Mo gbé tíì síwájú rẹ̀, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, igbe rẹ̀ ló jí mi. "Ó ti dé! Clarrie, ó kàn lọ tọ̀ ni, ó ti dé!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àgbélébùú ti padà sísàlẹ̀, lápá òsì. Ṣùgbọ́n lójú mi, kò lọ tó ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìbú ẹyọ ìrẹsì kan sún mọ́ àárín. Ojú Lorne ti ń ṣe bàìbàì, kò rí i. Bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti sọ ohun tí mo ṣe, pé mo fẹ́ fi ẹ̀tàn já àbúrò rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mu tíì mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi rúlà wọn àpótí náà, ó ṣírò rẹ̀ sára páálí. Láti ìdí èèkàn ìsàlẹ̀ lápá òsì, sí apá àárín, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. A tètè jáde kí oòrùn tó mú. A kọjá pátákó tí gbogbo ìlú mọ̀, èyí tí wọ́n ya ẹni tó ń ṣubú sí: má sáré, má fẹ̀yìn rìn.

Afẹ́fẹ́ ti gbá ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó pupa, ó dán. Àwọn kòtò tá a mọ̀ wà lọ́hùn-ún. Níbi tí a dojú kọ, kò sí nǹkan kan. Lorne so ọ̀pá irin mọ́ ìgbànú, èyí tó fẹ́ fi máa gún ilẹ̀ wò tó bá ku ìṣísẹ̀ kan. Ó di orí okùn kan mú, ó ní kí n di orí kejì mú ní ìdí èèkàn. Kí ìlà rẹ̀ má bàa yẹ̀, ó ń fojú to èèkàn mọ́ òpó wáyà kan tó wà lẹ́yìn mi lọ́nà jíjìn. Nítorí náà, ó kọjú sí mi, ó sì ń fẹ̀yìn rìn.

Níbẹ̀, bí ọmọdé pàápàá bá fẹ̀yìn rìn, gbogbo ìlú á pariwo. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá ni páálí wí, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú bí ibùsùn, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Mo pa ẹnu mi dé.

"Méje," ó ní. "Mẹ́jọ." Ó sinmi, ó wúkọ́. "Mẹ́sàn-án."

Mo gbọ́ tí páànù dún lábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Òun ò gbọ́. Ó ń wò mí, inú rẹ̀ dùn.

"Mú okùn náà le, Clarrie. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì."

Kò kígbe. Okùn fà mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dẹ̀. Páànù tó bo kòtò náà yí, ó gbé e mì, ó sì padà dé bí ọmọrí ìkòkò. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ṣàn sórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo wá síbẹ̀.

Àwọn tí mo pè láti ìlú sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá òkú Lorne lórí òkú Nev. Kòtò kan náà ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò kọ kòtò yẹn sínú ìwé rí.

Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Nev ò purọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ká ní mi ò fọwọ́ kan páàdì náà, mẹ́sàn-án ni rúlà ì bá wí, Lorne ì bá dúró ní mẹ́jọ, ì bá sì yọ ọ̀pá irin rẹ̀. Méjì tó lé yẹn, èmi ni mo fi kún un.

Mọ́tò dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò rí ẹni gbé. Èmi náà kúrò. Páàdì wà nínú àpò mi, mi ò lè jù ú nù. Wáyà rẹ̀ ò sí lára ohunkóhun. Síbẹ̀, nígbà mìíràn lọ́sàn-án, tí tíì bá wà lọ́wọ́ mi, á gbọ̀n nínú àpò. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà á dákẹ́.

Kí n tó kúrò nílùú, Zdenka di apá mi mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó bi mí pé kí ni Lorne sọ kẹ́yìn. Mo sọ fún un gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

Mú okùn náà le, Clarrie. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì.