Àwọ̀ Pupa Tí Oòrùn Jẹ

Ọmọge kan gbé àwòrán ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọlé tòun ti òógùn níwájú orí. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ ayàwòrán. Kò tíì rí ọmọge tí ìbínú yẹ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ya ìyá mi?"

Òun ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìyá náà kú, ó wo fọ́tò yà á nínú aṣọ pupa tó ń tàn yòò. Ní báyìí, aṣọ náà ti ṣá bí eérú.

"Bàbá mi ní ẹ ti jẹ́ kí ìyàwó òun kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ojú ti ayàwòrán. "Ṣé ibi tí oòrùn ń dé lẹ gbé e kọ́ sí ni?"

"Ṣé inú àpótí ló yẹ kí ìyá mi wà ni?"

Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni ọmọge yìí. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀, ó ṣàlàyé pé àwọ̀ tí wọ́n fún lára ewéko, irú èyí tí ayàwòrán lò, ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parẹ́, ṣùgbọ́n pupa tí wọ́n lọ̀ láti ara erùpẹ̀ kì í bẹ̀rù oòrùn. Wọ́n kun oríṣiríṣi pupa sára páálí, wọ́n fi bébà bo ìdajì, wọ́n gbé e sójú fèrèsé.

Gbogbo Sátidé ni ọmọge ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó yá, páálí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò mọ́.

"Olùkọ́ mi, ẹ ò tíì wo páálí lónìí o."

"Ìwọ lo dí mi lójú. Sún kúrò lójú ìmọ́lẹ̀, jàre."

Lóṣù kẹrin, wọ́n ṣí bébà. Àwọ̀ ewéko ti lọ. Ti erùpẹ̀ dúró digbí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọge ní òun ti rí ọkọ, bàbá rẹ̀ fárígá. "Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tọ́jọ́, báwo ni ìfẹ́ rẹ̀ yóò ṣe tọ́jọ́?"

Ayàwòrán kò jiyàn. Ilé mọ́kànlá ni pupa burúkú yẹn wà. Ó ń kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ kí n fi pupa erùpẹ̀ tún un kùn." Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tíì fura. Ilé bàbá ló fi kágbá rẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi kun aṣọ ìyá, bàbá jókòó tì í.

Nígbà tó parí, bàbá dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Mo ti gbọ́ nípa ilé mẹ́wàá yòókù. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí ojú ẹnikẹ́ni ò tíì tó, kò ní tan ọmọ mi jẹ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ta lèyí?"

Ọmọge na ọrùn gbọọrọ, ó ki ọwọ́ bọ ọwọ́ ayàwòrán tí ọ̀dà kún náà.

"Ọkọ mi ni, Bàbá. Ẹ bá mi wò ó dáadáa."