Wáyà Ìsáṣọ Kì Í Ṣe Okùn Ààbò

Aṣọ ni Ìyá Ìbejì fẹ́ sá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó fi jáde sẹ́yìn ilé. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí, púláyà lọ́wọ́, ó ń lọ́ wáyà. Ó wo ara ògiri, kò rí ibi tó máa ń sá aṣọ sí mọ́.

"Bàbá Ìbejì, ṣé wáyà ìsáṣọ mi lẹ gé yẹn?"

"Má bínú. Màá ra òmíràn bọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Okùn ààbò. Olùdarí ní ká fi iná kan kún àwọn tó wà nílẹ̀, okùn tí mo ní ò sì kárí."

Iṣẹ́ iná ni ọkùnrin yìí ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ó lè gun àkàbà dé òkè téńté kó máa fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, kó máa fi ọwọ́ kejì jẹ ẹ̀pà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Máfòyà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe mékọ́ọ̀pù fún àwọn òṣèré. Ibi tí ọkọ bá tanná sí, abẹ́ rẹ̀ náà ni ìyàwó ń dúró sí.

Iná fíìmù kì í ṣe gílóòbù inú ilé o. Ó wúwo, ó sì ń gbóná. Ìkọ́ irin tí wọ́n fi bóòtù àti nọ́ọ̀tù dè ló máa ń gbé e rọ̀ mọ́ páìpù lókè. Okùn ààbò ni okùn irin kúkúrú tí wọ́n tún fi ń so iná náà mọ́ páìpù lọ́tọ̀, kó lè jẹ́ pé bí ìkọ́ bá yọ̀, iná ò ní já lé èèyàn lórí.

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ sí i?" ni ìyàwó bi í.

Ẹ̀gbọ́n tó ń wí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníwáyà. Okùn ààbò yìí gan-an ló ń ṣe tà.

"Tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó di ọ̀la nìyẹn. Bó bá ṣe é tán, á tún gbé ẹrù kọ́ ọ, á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Òní la sì nílò ẹ̀." Máfòyà fi téèpù dúdú wé ibi tó lọ́ pọ̀. "Ìkọ́ ló ń gbé iná. Okùn yìí, ká ṣáà rí i pé ó wà níbẹ̀ ni. Ìgbà wo ni iná tèmi já rí?"

Ìyá Ìbejì da aṣọ bo ara fẹ́ńsì, ó wọlé lọ múra. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Kí ó tó kúrò nílé, ó ti pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù.

"Wáyà ìsáṣọ?" ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Mo ń bọ̀. Má dúró sábẹ́ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe. Ilé alájà méjì kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe bíi yàrá aláìsàn, ibùsùn sì wà láàárín. Ìyá àgbàlagbà kan tí orúnkún ń dùn ló ń ṣe aláìsàn náà. Iná tuntun yẹn sì rèé, ó rọ̀ gangan sókè ibùsùn.

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí kun ojú màmá náà. Ó tẹ búrọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wòkè. Ó nu iwájú orí, ó tún wòkè.

"Ọmọ mi, kí lò ń wá lókè?" ni màmá bi í.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

Ẹsẹ̀ àwọn tó ń to àga sí yàrá òkè ń dún gìrìgìrì lórí àjà. Páìpù tí iná rọ̀ mọ́ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Òógùn bo Ìyá Ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni fáànù ń fẹ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, ìta ló ti bá Máfòyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Okùn ààbò gidi méjì wà nínú báàgì rẹ̀.

"Ìyàwó mi ló pè yín," ni Máfòyà wí. Ojú rẹ̀ ti le.

"Ó pè mí. Má bá a jà. Ǹjẹ́ ìyókù wáyà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó wà. Máfòyà ti lọ́ méjì, bóyá ọ̀kan á bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó tú téèpù rẹ̀, ó wò ó. Ó fi so ọ̀kan nínú àwọn àpò iyanrìn tí wọ́n fi ń tẹ ẹsẹ̀ iná mọ́lẹ̀ rọ̀ sára ẹ̀ka igi. Àpò náà rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Ẹ ò rí i," ni Máfòyà wí. "Ó gbé e."

"Ohun tó dúró jẹ́ẹ́ ló gbé." Ẹ̀gbọ́n gbé àpò náà sókè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Wáyà náà ò tiẹ̀ já. Ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ ló tú, bí irun tí wọn ò dì dáadáa. Àpò bọ́ sílẹ̀, gbì.

"Ohun tó ń já bọ̀ máa ń wúwo ju ara ẹ̀ lọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọjọ́ tí iná bá já nìkan ni okùn ààbò ń ṣiṣẹ́. Iná wo lo so èkejì wáyà yìí mọ́?"

Máfòyà yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn gbé ìka sétè. Wọ́n ti fẹ́ ya àwòrán. Máfòyà ti ilẹ̀kùn wọlé láìbìkítà.

Ó wòkè. Láàárọ̀, ògiri ni ojú iná yẹn kọ sí. Ní báyìí, ó ti tẹrí ba, ó ń wo ibùsùn. Ìkọ́ ti ń yọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ṣì bẹ̀rẹ̀ lórí màmá, ó ń tún ojú rẹ̀ ṣe.

"Ẹ pa gbogbo iná," ni Máfòyà wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹni kankan má sáré. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Ẹ sọ fáwọn ará òkè kí wọ́n dúró lójú kan."

"Kí ló dé?" ni olùdarí bi í. "A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Iná orí ibùsùn fẹ́ já."

Àwọn tó wà nínú yàrá ń fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ ò gbà fún un.

"Ìyá Ìbejì, kúrò níbẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kí n fi Màmá sílẹ̀ fún ta ni?"

Máfòyà sún mọ́ ibùsùn láti apá kejì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ di etí mátírẹ́ẹ̀sì mú, wọ́n sì ń fà á sápá ògiri pẹ̀lú màmá lórí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ irin tó họ irin lókè. Ìkọ́ yọ̀. Wáyà ìsáṣọ dì í mú fún bí ìṣẹ́jú akàn, ó sì tú.

Màmá ti bọ́ sílẹ̀ lápá ògiri, kò sí ohun tó ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Ìbejì ṣì wà létí mátírẹ́ẹ̀sì. Ọwọ́ yẹn ni iná já lé.

Ìyá Ìbejì kàn ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Máfòyà jókòó, ó gbé orí lé orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n, mo ba ọwọ́ ìyàwó mi jẹ́."

"Ọwọ́ ló gbà á," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Orí ni ì bá gbà á. Gbé orí sókè kó o lọ bẹ̀ ẹ́."

Egungun ọwọ́ tó ṣẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì ò ká dáadáa mọ́. Ọwọ́ òsì ni Ìyá Ìbejì fi ń kun ojú èèyàn báyìí, ó sì ń pẹ́ kó tó ṣe tán. Màmá àgbàlagbà yẹn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ojú òun. Ìyá Ìbejì ti dárí ji ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀, tí nǹkan bá já bọ́ ní ilé ìdáná, kódà kó jẹ́ ṣíbí, ọkùnrin náà máa ń fò dìde.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ ohun tó yẹ kó ti mọ̀. Ó rí i bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń gé okùn onífọ́nrán irin, tó ń ṣẹ́ orí rẹ̀ po bí ojóbó, tó ń ki í bọ irin roboto kékeré, tó sì ń fi ẹ̀rọ alápá gígùn fún irin náà pọ̀ títí tí kò fi ní lè yọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló ń dán an wò pẹ̀lú ẹrù, tó ń lẹ àmì tó sọ ìwọ̀n ohun tó lè gbà mọ́ ọn.

"Téèpù ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Téèpù ń bo àléébù mọ́lẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ojú rí i."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ fíìmù, àti ẹ̀yin tó ń tan iná ńlá níbi eré orí ìtàgé, ẹ gbọ́. Ẹ má fi wáyà ìsáṣọ, okùn ọ̀rá tàbí téèpù dípò okùn ààbò. Okùn ọ̀rá máa ń yọ́ lára iná. Okùn tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí ìwọ̀n ẹrù tó lè gbà wà lára rẹ̀, ni kẹ́ ẹ lò. Ara iná fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kó sì yí páìpù ká. Ẹ má so ó mọ́ ìkọ́, torí bí ìkọ́ bá lọ, òun náà á bá a lọ. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kí iná má ráàyè já jìnnà. Àwọn ilẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú iná, tí a fi ń darí ìmọ́lẹ̀, náà nílò okùn tiwọn.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ ti já, tó ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́ tàbí tó ti dípẹtà, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un lò. Èyí tó bá ti gba iná dúró lẹ́ẹ̀kan, ẹ kí i pé ó ṣeun, kẹ́ ẹ sì jù ú nù. Bí okùn ò bá kárí, kí iná dín kù. Olùdarí tó ń kánjú á rí ọjọ́ mìíràn ya fíìmù.

Ìwọ tí o kì í ṣe oníná, tó jẹ́ pé abẹ́ iná lò ń dúró sí, má tijú láti béèrè pé: bí ìkọ́ yìí bá yọ̀, kí ló máa mú iná dúró? Bí ẹni tí o bi ò bá rí nǹkan gidi tọ́ka sí, kúrò lábẹ́ rẹ̀.